Ẹsẹ̀ Lásán Kọ́ Ló Pa Búrẹ́mọ̀ Adéníjì

Búrẹ́mọ̀ Adéníjì kú ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1989, lórí ẹní tí ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ́ fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kan ní Kútọnu níbí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dì pa, kò lè gbé omi mì, kò lè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló fa àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní tetanọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ tó lè gbà á là kò sì sí nílẹ̀. Rasidat ọmọ rẹ̀ sáré gba orí afárá kọjá, ó wá a dé Àjàṣẹ́, ó sì rí i. Nígbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti fa aṣọ bo bàbá rẹ̀ lójú.

Àwọn àgbà ní ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Ti Búrẹ́mọ̀ yàtọ̀. Kò sunwọ̀n láàyè, ó sì kú tán, wọn kò sọ ọ́ dère. Ẹlẹ́bi ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a sin ín, ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ kọ ìwé kan nípa ikú rẹ̀. Kò ju ojú ewé kan lọ. Ìwé náà ní ọkùnrin yìí bọ́ bàtà sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìgéko, ẹ̀rọ gé e lẹ́sẹ̀, ó sì kú nítorí àìbìkítà ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú, torí ẹ̀ ni mo ṣe mú kálàmù lónìí, èmi tí mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ lójú ewé yìí. Níwọ̀n ìgbà tí gbólóhùn yẹn bá wà nílẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rọ kò lẹ́bi. Bí ẹ̀rọ kò bá sì lẹ́bi, kò sẹ́ni tó máa pè é padà, bẹ́ẹ̀ ó ju igba irú ẹ̀rọ yẹn lọ tí àwọn ènìyàn ṣì ń tì kiri ìlú yìí lónìí, ní ilé-ìwé àwọn ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín, nítorí n kò rò pé ẹlòmíràn máa sọ ọ́.

Ọmọ Pobè ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ó wá sí Kútọnu nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ó ń bá wọn tọ́jú ọgbà ní ilé wọn létí òkun. Ó máa ń sọ pé àwọn ènìyàn yẹn fẹ́ràn koríko ju ẹni tó ń gé e lọ, á wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹ̀rọ ìgéko wá láti ìlú wọn, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun á jẹ ẹ́ láàárín ọdún méjì, wọ́n á sì jù ú sẹ́yìn ilé. Búrẹ́mọ̀ á lọ gbé e, á tú u palẹ̀. Ó tú mẹ́rìnlá kí ó tó mọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi koríko sílẹ̀ fún wa, ẹni tó sì mọ bí a ṣe ń ṣe ohun tí a ó fi gé e kò ju ẹyọ kan lọ ní gbogbo Dàhòmì.

Ní ọdún 1962, ó pa àgọ́ páànù kan sí Akpakpa, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Irin ìdí ọkọ̀ akẹ́rù tó ti kú ló fi rọ abẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré yẹn, ló ń yí abẹ náà, táyà burúẹ́ẹ̀tì tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń kó iyanrìn ló sì fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò lẹ́wà. Ariwo rẹ̀ lè jí ẹni tó ti sùn lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ó ń gé koríko, bó bá sì bàjẹ́, ẹni tó ṣe é wà nítòsí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́, tí wọ́n ń ṣe réèkì àti garawa ìbomirin ẹlẹ́nu gígùn. Àwọn ilé-ìwé ń rà, ṣọ́ọ̀ṣì ń rà, àwọn tó ń tọ́jú pápá bọ́ọ̀lù wá láti Parakú. Ọ̀gá ilé ọtí kan ní Jonquet, tí koríko iwájú ilé rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, ra ọ̀kan, ó ní kí aráyé lè mọ̀ pé ilé òun kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1974, ènìyàn méjìdínlógójì ló ń jẹun lábẹ́ páànù yẹn.

Èmi wà lára wọn. Ọdún 1971 ni mo débẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ọmọ Ṣakété, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tán. Dakitiló ni wọ́n ń pè wá nígbà náà, a sì máa ń gbéra ga díẹ̀. Bàbá, bí gbogbo wa ṣe ń pe Búrẹ́mọ̀, kò lè ka Faransé. Á sọ ọ̀rọ̀ ní Nàgó, èdè wa, èmi á tẹ̀ ẹ́ ní Faransé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń tẹ lẹ́tà kan lọ́wọ́ pé ẹ̀rọ wa dára, kò léwu, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga mi.

"Ìbíjọkẹ́, o ní kò léwu. Ṣé o ti tì í rí?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, ni mo fi kọ ọ́."

"Ó yá, dìde. Bọ́ bàtà."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Òfin kan ló wà ní àgọ́ yẹn tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn rí. Láàárọ̀ gbogbo Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe tán lọ́sẹ̀ náà, ẹni tó ṣe é gan-an ni yóò bọ́ bàtà, yóò fi ẹsẹ̀ lásán tì í lórí koríko ẹ̀yìn àgọ́. Yóò tì í lọ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, yóò sì fà á padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ àti abẹ tó ń yí. Fífà á padà yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí àyà ẹni tó ṣe é bá já, wọn kò ní tà á. Bàbá ní bàbá tòun ní Pobè kì í ta ọkọ́ tí kò bá tíì fi kọ ebè kan nínú oko ara rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wọ bàtà yóò dá ẹ̀rọ láre lórí ohun tí kò yẹ kí ó dá a láre lé, ẹsẹ̀ lásán ni kì í purọ́.

Ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan tó bo abẹ látẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí abẹ kan ẹsẹ̀ ẹni tó ń tì í. A máa ń pè é ní ìró. "Abẹ kì í jáde láìró ìró," ni Bàbá máa ń wí, àwọn ọkùnrin á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹsẹ̀ lásán ti ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ náà. Mo fà á padà sọ́dọ̀ ara mi, mo rí ìró tó dúró láàárín èmi àti abẹ, mo sì padà sórí àga mi, mo parí lẹ́tà náà. Fún ọdún mẹ́rìnlá gbáko tí òfin yẹn fi wà, ìka ẹsẹ̀ ẹnì kan kò bọ́ nídìí ẹ̀rọ Búrẹ́mọ̀.

Ní ọdún 1976, ìyípadà tí ìjọba ń polongo dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ rántí bó ṣe ń ṣe: àsíá, orin, ìpàdé nínú oòrùn. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́, ó ti di ti gbogbo ènìyàn. Ẹ máa rò pé ó bínú. Ojú mi ló ṣe o: Búrẹ́mọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó yí sí mi, ó ní, "Bó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, á jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń dùn mí jù tí mo bá rántí. Ó gbà wọ́n gbọ́ ju bí àwọn fúnra wọn ṣe gba ara wọn gbọ́ lọ.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ orúkọ gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò lè pè tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi òun fúnra rẹ̀ ṣe olùdámọ̀ràn. Ẹ mọ iṣẹ́ olùdámọ̀ràn: wọ́n á fún ẹ ní àga, wọn ò ní bi ẹ́ ní nǹkan. Wọ́n wá gbé ọ̀gá àgbà kan wá, Kamarádì Ọláolú, bí wọ́n ti ń pe ara wọn nígbà náà, ọmọ Nàgó bíi tiwa, tó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso lókè òkun, ṣùgbọ́n tí kò tíì ti ẹ̀rọ ìgéko rí láyé rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó jáde wá bá wọn lẹ́yìn àgọ́.

"Kamarádì Búrẹ́mọ̀, kí ni ìtumọ̀ bàtà tí o ní kí wọ́n máa bọ́ yìí? Ṣé mọ́ṣáláṣí lẹ fẹ́ wọ̀ ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń sọ "o" fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Orúkọ ìyípadà ló fi ń bo àìlẹ́kọ̀ọ́.

"Rárá o, ọ̀gá. Ká lè mọ̀ pé kò ní gé ẹni tó bá rà á ni."

"Ìwà ará oko nìyẹn. Òṣìṣẹ́ òde òní ń wọ bàtà. Odidi wákàtí méjì lẹ fi ń ṣòfò lọ́sẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ láti òní lọ."

Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ lásán ṣe parí. Bóyá ẹ ń rò pé nǹkan kékeré ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àjọ̀dún ńlá ti ìjọba ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá. Àṣẹ wá pé kí igba ẹ̀rọ tuntun wà nílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n sì ṣe pátákó ọgọ́rùn-ún kan tí wọ́n máa gbé sí ojú títì. Irin pẹlẹbẹ tó wà ní àgọ́ kò tó fún méjèèjì. Ẹ gbà mí láyè kí n bi yín: bí irin kò bá tó fún ẹsẹ̀ ènìyàn àti pátákó, èwo lẹ máa fi sílẹ̀? Kamarádì Ọláolú ní kí wọ́n yọ gbogbo ohun tí kò pọn dandan kúrò lára ẹ̀rọ. Mùílíù tó ń jórin fún wa ló gé irin náà. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ojú rẹ̀ kò dáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ìró la fi ń ṣe pátákó o."

"Ìró wo?"

"Gbogbo ẹ̀ náà ni. Abẹ fẹ́ jáde níhòòhò."

Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó náà ní Faransé, ní lẹ́tà ńlá funfun, ni pé òṣìṣẹ́ ni ọrọ̀ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè. Mo máa ń rí ọ̀kan lára wọn lórí afárá láàárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ìró tó yẹ kó bo ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ lé. Àjọ̀dún kọjá tán, wọn kò sì fi ìró sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe mọ́.

Oṣù mẹ́rin kò pé tí Àríkẹ́, obìnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé kan ní Akpakpa, fi fa ẹ̀rọ sẹ́yìn láti yà fún gbòǹgbò igi kan. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ló lọ. Búrẹ́mọ̀ gbọ́, ó sì lọ kí i. Èmi ni mo tẹ̀lé e lọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó ń wo aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àríkẹ́ ló wá ń tù ú nínú, ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́, Bàbá, iṣẹ́ èṣù ni." Búrẹ́mọ̀ ní, "Kì í ṣe èṣù, ìyá mi. Mo mọ orúkọ ẹni tó ṣe é."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Mọ́kànlá ni, láti ọdún 1978 títí di ọdún tó kú. Ó ń wí, mo ń tẹ̀. Ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: ẹ kó àwọn ẹ̀rọ náà padà wá, ẹ jẹ́ kí n fi ìró sí wọn, n kò bèèrè ohun mìíràn. Ó kọ sí ọ̀gá àgbà, ó kọ sí ọ̀gá ọ̀gá àgbà, ó kọ sí àwọn tó wà lókè wọn. Ẹyọ ìdáhùn kan ló rí. Wọ́n fi ìkíni ìyípadà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi parí rẹ̀, wọ́n sì kọ sáàárín pé wọ́n ti rí lẹ́tà, wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò. Bàbá ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé níbo ni ìdáhùn wà nínú rẹ̀. Mo ní mi ò rí i.

Ní ọdún 1984, wọ́n ní ó ti dàgbà, kí ó máa lọ sinmi. Kò sinmi. Ó ń gé irin àgbá epo tó ti gbó lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń fi ṣe ìró. Ní ọjọ́ Sátidé, á dì wọ́n sẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á máa lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, Akpakpa, Jonquet, títí dé Godomey, á máa tọrọ àyè kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ìró sí ẹ̀rọ wọn. Àwọn kan lé e bí olè. Àwọn mìíràn bi í pé ṣé ìjọba ló rán an. Á ní, "Rárá o. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é." Láàárín ọdún márùn-ún, ó fi ìró sí ẹ̀rọ mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Arúgbó kan, mobilẹ́ẹ̀tì kan, irin àgbá. Nígbà yẹn, níbo ni ilé-iṣẹ́ gbogbo ènìyàn wà? Níbo ni gbogbo ènìyàn wà? Mo bá ara mi náà wí, torí èmi ṣì wà lórí àga mi, mò ń tẹ ìwé.

Sátidé tó gbẹ̀yìn jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án. Ó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Godomey. Káyọ̀dé, ọ̀gá ilé-ìwé náà, wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Bàbá de ìró tuntun mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó dì í pinpin, ó mì í, kò yẹ̀. Ó wá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún 1962: ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ igi, ó ní kí Káyọ̀dé kó àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ó tì í lọ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tó ń fà á padà bọ̀, irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ó de ìró náà mọ́ kán. Irin ọ̀hún fẹ́lẹ́, ó ti jẹrà. Lára àwọn tí wọ́n sáré ṣe nítorí àjọ̀dún ni. Ìró re bọ́. Abẹ sì bá ẹsẹ̀.

"Kò pariwo," Káyọ̀dé sọ fún mi. "Ó kàn jókòó, ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí mọ́.' Lẹ́yìn náà ló wá béèrè aṣọ tí òun máa fi di ẹsẹ̀."

Mo bi í pé ta ló wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láti ilé-iṣẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó wá. Ní ọsibítù, wọ́n fọ ọgbẹ́ náà, wọ́n dì í, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kò sí, kí ó máa lọ sílé. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

A sin ín ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn náà, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe wí. Láti ilé-iṣẹ́, àwa méjì la débẹ̀, èmi àti Mùílíù. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Rasidat gbé àga kan sí iwájú fún ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá rán wá. Àga náà wà lófìfo títí tí àlùfáà fi parí. Mo padà dé ibojì náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, koríko ti dé mi lórúnkún. Ìyá Rasidat ń fi ọwọ́ fà á tu.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìwé olójú ewé kan yẹn. Kamarádì Ọláolú ló sọ ọ́, ó dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó dé ibi bàtà, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Ọ̀gá, ṣé ká má kọ ìdí tó fi bọ́ bàtà?"

"Ìdí wo? Ènìyàn bọ́ bàtà nídìí abẹ tó ń yí. Kí lo fẹ́ pe ìyẹn bí kì í ṣe àìbìkítà?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé…"

"Ìbíjọkẹ́, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Ọjọ́bọ̀ tó pa rẹ́ ní ọdún 1976, ṣebí ojú ara rẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ bàtà? Ohun tí ọkùnrin yẹn fi ń ṣọ́ ẹsẹ̀ gbogbo wa ni wọ́n mú, tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé kò ṣọ́ tirẹ̀. Nínú gbogbo ìwà ìkà tí mo ti rí ní ìgbà ìyípadà yìí, mi ò tíì rí èyí tí wọ́n rò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irin gbé ẹsẹ̀, àrùn gbé ẹ̀mí, ilé-iṣẹ́ wá gbé orúkọ. Kí ló kù fún Rasidat láti jogún?

Ẹ máa bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo gbé ọwọ́ mi padà. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi bébà dúdú sáàárín, mo tẹ ẹ̀dà mẹ́fà, mi ò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ ẹbí. Èmi ni mo fi lé Rasidat lọ́wọ́. Ó kà á lójú mi, ó ká a, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì lè gba ojú ọ̀nà ilé wọn kọjá láìsọ ojú mi sílẹ̀.

Ní oṣù kejìlá tó kọjá, àwọn tó wà lókè kéde pé àwọn ti fi ẹ̀kọ́ ìyípadà náà sílẹ̀. Gbogbo ìlú jó. Kamarádì Ọláolú ti di Ọ̀gbẹ́ni Ọláolú, ó sì ṣì wà lórí àga rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ ọ tó ń sọ níwájú àwọn àlejò pé òun kò fìgbà kan gba nǹkan wọ̀nyẹn gbọ́, pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Kò burú. Bí kò bá gbà á gbọ́, kí ló dé tó fi bọ́ ìró lára abẹ nítorí pátákó rẹ̀? Ẹni tó ṣe é nítorí pé ó gbà á gbọ́, ó kéré tán, ó lè ronú pìwà dà. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ rí, kí ni yóò fi sílẹ̀?

Wọ́n ń pe ìpàdé ńlá báyìí, wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa sọ níbẹ̀. Mi ò ní ìrètí kankan, mi ò sì fẹ́ tàn yín. Àwọn ènìyàn ńlá ló máa jókòó, ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n máa sọ, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ irin pẹlẹbẹ? Mo mọ̀ pé wọ́n á ní òkú ti kú, kí a jẹ́ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ẹ̀rọ tó lé ní igba ṣì wà níta. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹnì kan yóò fa ọ̀kan nínú wọn sẹ́yìn láti yà fún gbòǹgbò igi. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ ọmọ tiyín.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà ya ìwé olójú ewé kan yẹn, kí wọ́n kọ òmíràn tó sọ pé ẹ̀rọ ni kò ní ìró, pé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1977, pé ọkùnrin tó kú náà ti fi lẹ́tà mọ́kànlá sọ fún wọn. Ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ kí ó wá kà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ náà padà. Mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀ ní gbangba: ẹni tó ní kí wọ́n yọ ìró, ẹni tó rí lẹ́tà tí kò ṣí i, ẹni tó kọ pé àìbìkítà ni, ẹni tó fọwọ́ sí i.

Wọ́n á máa wo ara wọn lójú, wọ́n á máa dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde. Kí wọ́n má dúró mọ́. Ẹni tó tẹ ìwé náà ni Ìbíjọkẹ́ Ìdòwú, dakitiló, Akpakpa. Èmi ni. Ta ló kàn?